Bí a ṣe ń ṣe àwàdà tẹlifíṣọ̀n lórí òfin ààbò gídígbò

Òfin tòótọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ má fi orí gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní 2013, àjọ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn Òlíńpíìkì nígbà náà bọ́ àṣíborí kúrò lórí àwọn ọkùnrin, wọ́n ní kí orí má baà fara pa púpọ̀ ni. Ibi tí òfin méjì bá ti fẹ́ takora báyìí ni ẹ̀rín máa ń fara pamọ́ sí.

Fún òǹwòran Ọ̀yọ́, gídígbò ni kí ẹ lò, torí tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Òfin 5 tó fún eré ìṣẹ́jú 8. Èkíní gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu: kí wọ́n da iyanrìn sílẹ̀. Èkejì, fóòmù lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, igbá fínfín lórí. Ẹ̀kẹrin, kí onígídígbò gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ṣánlẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kanra mọ́: kí wọ́n máa ki ara wọn ní oríkì, ẹni tí orí rẹ̀ bá kọ́kọ́ wú ló ṣubú. Ẹ má fo ọ̀kankan. Òǹwòran tó bá já lọ́nà kì í padà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin nínú eré náà kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn ni kí ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fara pa.

Ìṣubú ló le jù. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní ínṣì 6, ẹ tẹ́ fóòmù líle ínṣì 6 sínú rẹ̀, ẹ ta tapólì lé e, kí ẹ wọ́n iyanrìn díẹ̀ sí i. Fóòmù tó bá yọrí ju ilẹ̀ lọ máa ń yí ọrùn ẹsẹ̀ ni. Kí ẹni tó ń ṣubú fi àgbọ̀n mọ́ àyà, kó má nawọ́ sẹ́yìn, torí ọrùn ọwọ́ á kán. Igbá tó fọ́ mú bí abẹ: ẹ ṣí i kúrò lórí kí ẹ tó ya ìṣubú, kí ẹ sì yà á láti ẹ̀yìn èrò kó má hàn. Òṣèré tó bá forí gbá, tí òòyì ń kọ́ tàbí tó ń bì, ilé ìwòsàn ló ń lọ, kò tún ṣeré lọ́jọ́ náà.

Ẹ gba ohùn gángan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó má bo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn òfin kọ̀ọ̀kan, ìlù á wí pé "gbé e ṣánlẹ̀": òkè, àárín, òkè, ìsàlẹ̀. Bí onílù bá ṣi ohùn kan, àwàdà náà kú.

Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ á mú téèpù télọ̀, á wọn orí àwọn méjèèjì. Ẹ gé e síbẹ̀, kó tó ka nọ́ńbà.