Bí a ṣe ń sọ èèpo iṣu di ajílẹ̀, kí ó má baà di methane ní ààtàn

Ìṣòro àyíká tó kan gbogbo ayé pọ̀: ooru tó ń lé sí i lọ́dọọdún, igbó tó ń tán, òkun tó kún fún ọ̀rá àti ike. Púpọ̀ nínú wọn jìnnà sí ọwọ́ wa, àmọ́ ọ̀kan wà tó ń gba ilé ìdáná wa kọjá lójoojúmọ́. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti rà, háhá àgbàdo: bí a bá di wọ́n sínú ọ̀rá, tí ọkọ̀ akólẹ̀ gbé wọn lọ sí ààtàn ńlá, abẹ́ òkìtì ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ kò lè dé ni wọ́n máa jẹrà sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ló máa jẹ wọ́n, methane, gáàsì kan tó ń mú ayé gbóná, sì ni àwọn wọ̀nyí ń tú jáde. Bí èèpo kan náà bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, carbon dioxide àti oru omi ló máa bá afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀dú ló sì máa kù sílẹ̀ fún wa.

Ìyàtọ̀ yẹn tóbi. Láàárín 100 ọdún, kílò methane kan máa ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 kílò carbon dioxide kan. Bí a bá wo 20 ọdún péré, ó lé ní ìlọ́po 80. Ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin ló ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo methane tó ń ti ọwọ́ ọmọ ènìyàn wá. Òótọ́ ni pé epo rọ̀bì, gáàsì, èédú àti ẹran ọ̀sìn ń tú ju ìyẹn lọ, ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá ló sì ni ẹjọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ láti dáhùn. Ti ìdáná ni tiwa. Ohun tó sì dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé methane kì í pẹ́ lójú ọ̀run, nǹkan bí ọdún 12 ni, nígbà tí carbon dioxide lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èyí tí a bá dín kù lónìí, ojú àwa gan-an ló máa ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi ṣèlérí ní ọdún 2021 pé kí methane tó ń ti ọwọ́ ọmọ ènìyàn wá ní ayé fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2020, kí ọdún 2030 tó pé. Láti 2005 ni South Korea ti fòfin de dída oúnjẹ àjẹkù sí ààtàn.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé: kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú òkìtì.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Oríṣi méjì ni: tútù àti gbígbẹ. Tútù ni èèpo iṣu, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti gbágùúdá, ti ọsàn, ewé ẹ̀fọ́, koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ewé akíntọ́lá tí kò tíì so èso, àti ìgbẹ́ adìẹ (bó tilẹ̀ gbẹ, ọ̀dọ̀ àwọn tútù ló wà, nítorí nitrogen inú rẹ̀, èròjà tó ń mú ewé dàgbà, pọ̀). Gbígbẹ ni ewé máńgòrò tó já sílẹ̀, pòpórò àgbàdo, lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi, àti páálí tí a ya wẹ́wẹ́.

Garawa gbígbẹ mẹ́ta sí garawa tútù kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́ carbon (èròjà tó pọ̀ nínú ohun gbígbẹ) bíi 25 sí 30 fún nitrogen 1. Ìgbẹ́ adìẹ kò ju nǹkan bíi 10 sí 1 lọ, ti lẹ́búlẹ́bú pákó sì ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún sí 1. Ẹni tó bá kó lẹ́búlẹ́bú nìkan jọ, ọdún méjì lè kọjá kí ó má rí nǹkan kan. Ẹni tó bá kó ìgbẹ́ adìẹ nìkan jọ, aládùúgbò á wá bá a níjà.

Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ti fi oògùn pa kò dára, nítorí oògùn náà máa wọ inú ẹ̀fọ́ tí ẹ bá gbìn. Ẹran, ẹja, egungun àti ọbẹ̀ elépo ń pe eku àti eṣinṣin. Ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò ní àrùn nínú. Gbòǹgbò èékan kì í kú bọ̀rọ̀, ó máa hù padà lórí ebè yín. Eérú kò burú, àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò lé nitrogen jáde.

Ewé gbígbẹ tí ọ̀pọ̀ ilé ń dáná sun nígbà ọyẹ́, ìṣúra ni. Ẹ kó o sínú àpò títí di ìgbà òjò, nígbà tí ohun tútù máa pọ̀ tí ohun gbígbẹ á sì wọ́n. Èéfín tí ẹ kò jẹ́ kó jáde, èrè ni ìyẹn náà.

Bí a ṣe ń kó òkìtì

Ẹ wá ibi tí òjìji igi wà, tí omi kì í dúró sí, tó sì jìnnà sí kànga. Orí ilẹ̀ lásán ni, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì, kí omi lè ṣàn wọlẹ̀, kí ekòló sì lè gòkè. Ìbú mítà 1, gígùn mítà 1, gíga mítà 1. Èyí tó bá kéré sí i kò ní lè pa ooru mọ́. Èyí tó bá ga kọjá mítà kan ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ìsàlẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ á sì tán níbẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tán, methane náà ló máa jáde, a ò tíì ṣe nǹkan kan nìyẹn.

Ẹ gé gbogbo nǹkan kí ó má gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ tẹ́ pòpórò àgbàdo tàbí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Ẹ gbé ọ̀pá ọparun kan nàró sáàárín. Ẹ wá tẹ́ ohun gbígbẹ sẹ̀ǹtímítà 15, ohun tútù sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ wọ́n ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀dú, kí ẹ sì bu omi wọ́n ọn. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi ga tó. Ohun gbígbẹ ni kí ẹ fi parí rẹ̀ lókè, kí eṣinṣin má rí ibi bà lé. Ẹ wá yọ ọparun náà: ihò tó fi sílẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé omi tó nìyí: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín, kí ẹ fún un gírígírí. Ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Bí omi bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Bí ọwọ́ yín kò bá tutù, ẹ tún bu omi sí i. Nígbà òjò, ẹ fi igi mẹ́rin gbé páànù sókè orí rẹ̀, kí ó má fara kan òkìtì.

Ooru, àti yíyí òkìtì padà

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, inú òkìtì á ti gbóná tó 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ ti irin gbọọrọ bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá fà á yọ, tí ọwọ́ kò lè dì í mú, ó ti gbóná tó. Ooru yìí ló ń pa èso koríko àti àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í gbóná bí inú, nítorí náà, ẹ fi ṣọ́bìrì yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún: èyí tó wà níta ni kí ẹ kó sáàárín. Bí ó bá ti kọjá 70, ẹ yí i lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún wa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Imú ló máa kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é. Òórùn tó ń ta nímú bí ìtọ̀ fi hàn pé ohun tútù ti pọ̀ jù, ẹ po lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn. Òórùn ẹyin tó dòbu fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti tán. Èyí ló burú jù, ẹ má fi di ọ̀la, ẹ tú u, kí ẹ fi pòpórò kún un. Bí òkìtì bá tutù tí kò sì rùn, yálà ó gbẹ jù, ó kéré jù, tàbí ìgbẹ́ adìẹ kò tó. Bí ìdin bá wà lókè, ohun tútù ló wà níta gbangba. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Fún ẹni tí kò ní àgbàlá

Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 náà máa ṣe é. Ẹ lu ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 yí i ká, kí ihò kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì lu díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e lé bíríkì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá da èèpo sí i, ẹ fi ohun gbígbẹ ìlọ́po mẹ́ta bò ó. Kò ní gbóná bíi ti òkìtì, nítorí náà ẹ má ṣe da koríko tó ti so èso sínú rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó jinná.

Ìgbà tó bá jinná

Lẹ́yìn tí ooru bá ti lọ, tí ẹ yí i tí kò gbóná mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sí i. Àwọn tó bá kánjú lò ó máa ń rí i kí ewé ẹ̀fọ́ wọn pọ́n, nítorí èyí tí kò jinná ṣì ń fa nitrogen inú ilẹ̀. Èyí tó jinná dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, a kò sì mọ èèpo yàtọ̀ sí ewé nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ di ẹ̀kúnwọ́ méjì tó tutù díẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ ṣí i ní ọjọ́ kẹta. Bí ó bá rùn, kò tíì tó. Ẹ tún gbin hóró ẹ̀wà mẹ́wàá sínú rẹ̀: bí mẹ́jọ bá hù tí ewé wọn sì tutù yọ̀yọ̀, ó ti ṣe é lò.

Ẹ fi asẹ́ oníhò ńlá jọ̀ ọ́, kí ẹ da èyí tí kò kúnná padà sínú òkìtì tuntun. Lórí ebè ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5, kí ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Nínú ìkòkò òdòdó, ìwọ̀n ajílẹ̀ 1 sí ilẹ̀ 3. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú àpò ìrẹsì tó ń mí ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀rá tí a dì pa, kí ẹ sì gbé e síbi tí òjò kò lè pa á.