Ẹ̀yin ọmọ Okun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England, ẹ mọ GP yín kí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tó dé

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́dọ̀ wa ní Kàbà tàbí Ìsánlú, tára bá ń ṣe èèyàn, kẹ́míìsì ló kọ́kọ́ máa lọ, tó bá wá le ni wọ́n á gbé e wọ mọ́tò lọ Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Lọ́kọ́ja, wọ́n á ra káàdì, wọ́n á jókòó de dókítà àgbà. Níbí, ẹ ò lè dìde nílé kẹ́ ẹ lọ bá dókítà jẹjẹrẹ, GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ló máa kọ lẹ́tà tó máa gbé yín débẹ̀. Torí náà ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé gan-an ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì gbọdọ̀ lé yín torí pé ẹ ò ní ìwé tó fi ibi tẹ́ ẹ ń gbé hàn. Màmá tó wá kí ọmọ pàápàá lè rí GP lọ́fẹ̀ẹ́, ọsibítù ló máa ń gba owó lọ́wọ́ àlejò, owó ọ̀hún sì pọ̀ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Mọ̀pà, lọ rí GP ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ohun tó ń sọ ò ju "ara mi ò kàn dá ṣáṣá" lọ, wọ́n bá fún un ní oògùn ara ríro. Ojú ń tì í láti sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ níwájú dókítà obìnrin tó kéré sí ọmọ ẹ̀. Ìgbà kẹta, ìyàwó ẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ti kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn búlẹ́tìn ṣọ́ọ̀ṣì: oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin tó ń dìde tọ̀ lóru, ẹ̀jẹ̀ tó rí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́líìtì tí wọ́n ti lu ihò tuntun méjì sí. Dókítà kà á tán, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ o, ní UK, nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin, ọ̀kan ló máa ní jẹjẹrẹ próstéètì, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, láyé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 45, ẹ lọ bá GP sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, kódà kí nǹkan kan má ṣe yín.

Tí GP bá ti kọ lẹ́tà kíákíá torí ó fura sí jẹjẹrẹ, ohun tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, ń lé ni pé láàárín ọjọ́ 28 kí wọ́n ti sọ fún yín bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 62. Àmọ́ àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a máa ń kó kiri, lẹ́tà á lọ sí ilé àtijọ́! Ẹ ní kí àwọn ọ́fíìsì GP yí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà yín. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ pè wọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe àṣìṣe rèé: tí ọsibítù bá ti gbà wá, a ò tún wo ẹ̀yìn GP mọ́. Ọsibítù ló máa ṣe chemo, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, àti iṣẹ́ abẹ, àmọ́ GP ló ń rí sí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ìrora, oorun tí ò wá, ìbànújẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ ti máa gba fọ́ọ̀mù FP92A, tó ń jẹ́ kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ máa gba gbogbo oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún, ẹ béèrè fún un torí wọ́n lè gbàgbé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ àgbo fún un náà, ìgò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé yẹn, torí àwọn ewé kan máa ń bá oògùn chemo jà.

Tí ara bá gbóná lásìkò chemo, ẹ má dúró de GP o, nọ́ńbà tó wà lórí káàdì tí ọsibítù fún yín ni kẹ́ ẹ pè, òru tàbí ọ̀sán.

Màmá tí ò bá gbọ́ Òyìnbó, ẹ ní kí wọ́n wá ẹni tó máa túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba àyè láti rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló máa sọ fún ìyá ẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni.