Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní Lisbon: obì ni mo rà

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gbéra lọ sí Lisbon, olú ìlú Pọ́túgà. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò, nítorí náà ojú mi rí màbo kí físà tó jáde, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Àárọ̀ ni bàálù wa balẹ̀. Mo ra káàdì ìwọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà pupa títí dé Alameda, mo bọ́ sí ìlà aláwọ̀ ewé, ó gbé mi dé Rossio.

Ibi mẹ́wàá ni mo kọ sínú fóònù pé màá dé lọ́jọ́ náà. Mẹ́rin péré ni mo rí. Tíráàmù 28, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba ojú títì, ló kọ́kọ́ fi àkókò mi ṣòfò: mo tò sórí ìlà ní Martim Moniz fún bíi wákàtí kan. Ọ̀kan dé, ó kún. Òmíràn dé, ó kún. Mo bá fẹsẹ̀ rìn gun òkè Alfama. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ tètè jí, kí ẹ sì di àpò yín mú, nítorí àwọn ọlọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán kò dára níbẹ̀ rárá. Òkúta kéékèèké funfun àti dúdú ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ti họ ọ́ títí ó fi ń yọ̀ bí ilá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ní ọ̀sán, ilé oúnjẹ kan gbé búrẹ́dì, èso ólífì àti wàràkàṣì síwájú mi kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́. Mo rò pé sàráà ni. Mo jẹ ẹ́ tán pátá. Àfi ìgbà tí ìwé owó dé! Àṣà wọn nìyẹn: ohun tí ẹ bá jẹ lẹ ó sanwó rẹ̀, bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò. Bacalhau tí mo jẹ tẹ̀ lé e dùn ṣá. Bí ọmọ ìyá panla gbígbẹ ló rí, iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa tiwọn mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì Carmo ló dá mi dúró jù. Kò lórùlé. Ní November 1, 1755, Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ilẹ̀ mì tìtì, omi ya wọ ìlú, iná sì jó ohun tó ṣẹ́kù. Òrùlé já, wọn ò sì dá a padà. Àwọn òpó tẹ̀ kọrọdọ lókè bí egungun ìhà màlúù tí alápatà ti họ ẹran kúrò lára rẹ̀, ẹyẹlé ń gba àárín wọn kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ títí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò Tejo, mo wo omi díẹ̀, mo yípadà sí ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos. Ibẹ̀ ni ìpakúpa àwọn Júù tí wọ́n fi tipá sọ di Kristẹni ti bẹ̀rẹ̀ ní 1506; òkúta ìrántí wọn wà níta. Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1959. Wọ́n ṣí i padà ní 1994 láì bo àpá rẹ̀, ara òpó ṣì sán káàkiri.

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni àwọn èèyàn dúdú ń péjọ sí, púpọ̀ nínú wọn láti Guinea-Bissau. Ìyá àgbà kan gbé obì sórí àwo pẹrẹsẹ. Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí i.

"Cola," ni wọ́n wí.

"Obì," ni mo fèsì.

Wọ́n pè é wò lẹ́nu, wọ́n fi ẹyọ kan sí i fún mi.

Ní ilé ìtura ni mo ti là á, mò ń retí ojú mẹ́rin. Méjì ló ní: gbàǹja ni. Mo jẹ apá kan, mo mu omi lé e, mo sì ki ẹsẹ̀ mi tó ti wú bọ omi gbígbóná.