Káàdì ohùn JSS 1 tí mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Mo sanwó ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀mejì lórí káàdì kan náà, inú sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Èmi nìkan ni tíṣà Yorùbá láti JSS 1 dé SS 3 níléèwé wa. Ẹni tó ń kọ lẹ́sìn nóòtì fún gbogbo kíláàsì wọ̀nyẹn, tó tún ń máàkì tẹ́ẹ̀sì, mọ̀ pé ilẹ̀ á ti ṣú kí èèyàn tó ráyè ronú nǹkan tuntun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn JSS 1 ń jẹ mí lọ́kàn: wọ́n ń pe ohùn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí bíírò bá ti kan ìwé, àmì á pòórá. Ni mo bá ṣe káàdì alàwòrán: igba, igbá, ìgbá, ìgbà, igbà; lẹ́yìn náà ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀.

Yíya àwòrán àti títẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù kò gba àlàyé. Ibi ìtẹ̀wé ni wàhálà wà.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì Word tí mo fi ránṣẹ́, ó tẹ ti igba, ó dára, ló bá tẹ gbogbo ìyókù sórí páálí aláwọ̀. Nígbà tó kan ọkọ̀, àmì ti fi orí lẹ́tà sílẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí òmíràn, àpótí kékeré ló rọ́pò àmì. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ àmì yẹn kúrò, wọ́n á mọ̀ ọ́n kà." Káàdì tí mo torí àmì ṣe! Ó sì gba owó rẹ̀ pé, ó ní iṣẹ́ ti jáde.

Ohun tó fà á rèé. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ (kóòdù), á, à, ẹ àti ọ ní kóòdù tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ àti ẹ́ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì, bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú ojú lẹ́tà tí a fi tẹ̀ ẹ́, kò bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, àmì á ṣáko. Ìdí nìyẹn tí ti igba fi mọ́ kedere tí ti ọkọ̀ fi bàjẹ́.

Lórí kọ̀ǹpútà ẹlẹgbẹ́ mi, mo fi fọ́ǹtì Charis SIL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tẹ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ọ́ di PDF kí fọ́ǹtì lè bá fáìlì lọ. Mo tún sanwó ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo àmì sì dúró sáyè wọn. Nínú kíláàsì, ọmọ tí kì í nawọ́ rí ló ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn pé káàdì ọ̀kọ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀. Orí mi wú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má fi Word ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n tẹ "ọ̀kọ̀" àti "ọ̀gẹ̀dẹ̀" sórí pépà lásán, kí ẹ wò ó fínnífínní kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ sì ṣe é kí sáà tó wọlé, nítorí tẹ́ẹ̀sì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ̀wé sí bọ́sà lórí owó kejì náà. Mi ò tíì rí èsì.