Ṣéènì tó kú ṣì wúlò o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ oko. Àwa tí a wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí a ń gbé ẹ̀rọ ìgégi lọ sí Adó nítorí ká pọ́n ṣéènì eléyín rẹ̀ lásán, ẹ jẹ́ ká ra fáìlì tiwa, irin tí wọ́n fi ń pọ́n ọn. Bí èérún igi bá ti kúnná bí gàrí Ìjẹ̀bú, ṣéènì ti kú nìyẹn, kò mú mọ́.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Fáìlì róbótó ni o. Ìwé ẹ̀rọ yín ni yóò sọ bó ṣe tóbi tó, torí 4.0, 4.8 àti 5.2 mílímítà ló wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ kí fáìlì náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi dígíríì 30, kí ẹ máa tì í láti inú eyín bọ̀ síta. Ẹ má fà á padà lórí eyín, ẹ gbé e kúrò ná. Iye ìgbà tí ẹ bá ti eyín kan ni kí ẹ ti gbogbo ìyókù, tọ̀tún tòsì. Mo fojú di èyí nígbà kan tí mo ń gé igi apá, ńṣe ni ẹ̀rọ ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí.

Kókó kékeré tó wà níwájú eyín ńkọ́? Ẹ rọra o. Bí ẹ bá pọ́n ọn lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ á máa ta padà síni.