Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí òǹkọ̀wé bá wá wá ìtàn ní Kétu

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kàyé, ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ ìtàn á dé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, bàbá àgbà kan á máa fi Yorùbá Kétu ṣàlàyé fún un, òun á máa fi Faransé kọ ọ́ sílẹ̀, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Bàbá ní "yàrà", ó kọ "fossé". Bàbá ní "ìdènà", ó kọ "porte". Bó bá délé, ilẹ̀kùn lásán ló bá nínú kàyé. Ohun tó dí ọ̀nà là ń pè ní ìdènà. Ìbẹ̀rù ọ̀tá wà nínú orúkọ náà. Yàrà yìí ló yí ìlú ká títí ogun Dáhòmì fi run Kétu ní 1886. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu. Bí kò bá yé yín, ẹ ní kí bàbá tún un pè. Inú àgbà máa ń dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti kí i dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì parí ìtàn sílé kí ẹ tó wá. Ẹni tó ń wá ogun á wo ògiri amọ̀, á ya fọ́tò, á gun zémíjàn, ọ̀kadà ibẹ̀, lọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Dáhòmì, tí wọ́n padà wá tún ìlú tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dáhòmì ńkọ́? Kí ni ìyá kan kọ́kọ́ wá nígbà tó dé ibi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀? Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kà.

Àwọn mìíràn á wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́sàn-án nìkan. Ijó ọ̀sán dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òru ni Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń kọrin, orin náà ló sì ń bá oníwà burúkú wí lójú gbogbo ìlú. Ẹ fi kámẹ́rà sápò nígbà náà. Kò lè gbé bí ìrì ṣe ń tutù síni lára kí ilẹ̀ tó mọ́, àti bí àwọn ìyá ṣe ń dákẹ́ fẹ́ẹ́ kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín.

Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó. Ẹ padà wá lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ pupa bá ń lẹ̀ mọ́ bàtà, kí ẹ tún bi bàbá yẹn ní ìbéèrè kan náà.