Bí ẹ ṣe lè múra ìlú yín sílẹ̀ de ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ilẹ̀ Okun

Ìjì tó máa ń ṣí òrùlé ní Kàbbà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, kì í sábà dúró de àárín òjò. Oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ló fẹ́ràn jù, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yan ilẹ̀ látàárọ̀, tí ìkùukùu dúdú wá ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Apá ìlà-oòrùn, níhà Lọ́kọ́ja, ló sábà máa ń gbà wá. Afẹ́fẹ́ àti eruku a ṣáájú, òjò a tẹ̀ lé e. Àsìkò yẹn náà ni káṣú ń já, tí tọmọdé tàgbà wà lábẹ́ igi. Ìlú tó bá wá dúró de òjò kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlanilọ́yẹ̀ ti pẹ́. Oṣù kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ pín iṣẹ́ fún ẹni tó lórúkọ

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ọba tàbí baálẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ yan èèyàn bíi méje: ẹni kan láti ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà, òṣìṣẹ́ ìlera kan, káfíńtà kan, olùkọ́ kan, aṣáájú àwọn ọlọ́kadà, ẹni kan láti ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni kan láti mọ́ṣáláṣí. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni ogún kò wù mí. Ìpàdé ni wọ́n máa ń ṣe, wọn kì í ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn, tó sì ṣe pàtàkì ju pátákó ìkéde lọ, ni ìwé orúkọ. Ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ló jẹ́ pé ìyá àgbà nìkan ló kù síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan tàbí méjì, àwọn ọmọ ti lọ sí Àbújá àti Èkó. Ẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ kọ orúkọ arúgbó tó ń dá gbé, ẹni tí kò lè rìn, afọ́jú, aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ aládùúgbò méjì tí yóò lọ bá a. Méjì ni, nítorí ẹnì kan lè wà lóko lọ́jọ́ náà. Kí ìyá náà fúnra wọn mọ àwọn méjèèjì.

2. Ẹ ṣètò ọ̀nà tí ìkìlọ̀ yóò gbà dé

NiMet, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì ń sọ ti ojoojúmọ́ pẹ̀lú. Ẹ fi ẹnì kan tó ní fóònù tó dára sídìí ìyẹn. Kó sọ ọ́ ní èdè ìlú yín, ì báà ṣe Yàgbà, Ìjùmú, Owé tàbí Bùnú.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé fóònù nìkan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń lọ nígbà tí ìjì bá dé. Agogo ilé ẹ̀kọ́ kò ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ẹ fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa lù ú, kó má jọ ti ìsìn, kí ẹ sì dán an wò ní ọjọ́ Sátidé kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà nílé.

3. Ẹ lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà

Ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ìpàdé ẹgbẹ́: ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ibi tí ó yẹ kí ẹ má gbàgbé ni ibi tí wọ́n ti ń wọn káṣú. Gbogbo olóko ló ń dúró níbẹ̀ de owó, etí wọn sì ṣí sílẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀ àrá ni kí ẹ fi ṣáájú

Bí ènìyàn bá ti lè gbọ́ àrá, àrá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fi oko sílẹ̀ lọ sínú ilé gidi, tàbí ọkọ̀ onírin tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀. Ìdí igi káṣú tàbí máńgòrò kọ́ ni ibi ààbò. Àtíbàbà oko tí kò lógiri náà kò dára, ọ̀kadà kò sì lè gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tí ilé jìnnà sí kó sọ ọkọ́ àti àdá sílẹ̀, kó wá ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, kó lóṣòó, kó sì pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kó má dùbúlẹ̀, kí àwọn tó wà pọ̀ sì jìnnà síra wọn. Kí ẹnikẹ́ni má padà sóko títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti bá yín jiyàn, nítorí káṣú wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan láti fọwọ́ kan ẹni tí àrá bá sán lù. Kò sí iná kankan lára rẹ̀ mọ́. Bí kò bá mí, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, bíi 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ó ṣeé ṣe kó yè. Ti wáyà NEPA yàtọ̀ pátápátá: ẹni tí wáyà tó já bá mú, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tí wọ́n bá ti pa iná.

5. Òrùlé

Kí káfíńtà yín yẹ òrùlé wò kí òjò tó dé, pàápàá ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn arúgbó. Kó wo igi tí ikán ti jẹ, ìṣó tó ti yọ, páànù tó yọrí jù lára ògiri. Wáyà líle tí a fi so igi àjà mọ́ ògiri kò wọ́n, ó sì máa ń di òrùlé mú. Nígbà tí ìjì bá ń jà, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tó bá ráyè wọlé ló ń ti páànù sókè. Ẹ jókòó sí yàrá àárín, kí ẹ jìnnà sí gíláàsì.

6. Àpò pàjáwìrì

Tọ́ọ̀ṣì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lò, omi mímu, ìwé ilẹ̀ àti káàdì ìdìbò nínú náílọ́ọ̀nù. Ó tán.

7. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò

Ìkún omi ńlá ti ọdún 2012 àti ti 2022, ní Lọ́kọ́ja níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, kò dé orí òkè wa, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀nà wa. Ní 2022, omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní Koton Karfe, ọkọ̀ sì há síbẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹ máa béèrè kí ẹ tó gbéra. Ti odò kéékèèké tó ń kún lójijì nílé, kí àwọn ọlọ́kadà gbà pé omi tó bá ń sáré, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, àwọn kò ní gbà á kọjá.

8. Lẹ́yìn ìjì

Kí àwọn aládùúgbò méjì tí ẹ kọ sínú ìwé orúkọ kọ́kọ́ lọ wo ẹni tí ẹ fi sọ́dọ̀ wọn. Kí ọmọdé má jáde títí wọn yóò fi rí i pé wáyà kankan kò sí nílẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ ya fọ́tò ilé tó bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún páànù kàn, ẹ kọ orúkọ onílé àti ọjọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti SEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀, ní Lọ́kọ́ja. Ẹ̀dà kejì, kí olùkọ́ yẹn fi pamọ́.